Ṣé Mo Lè Fi Òrùka Pààrọ̀ Píìnì Imú Mi Kí Òjúde Ọba Tó Dé?

Ọmọbìnrin kan kọ̀wé sí mi láti Ìjẹ̀bú-Òde, ó ní: “Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Nọ́ọ̀sì. Ọmọ ọdún 23 ni mí, iṣẹ́ aránṣọ ni mo ń kọ́. Ó pé ọ̀sẹ̀ 5 báyìí tí mo lu imú mi ní ẹ̀gbẹ́ òsì. Píìnì funfun kan tó ní orí róbótó kékeré ní ìdí ni wọ́n fi sí i. Kò fi bẹ́ẹ̀ dùn mí mọ́, ṣùgbọ́n omi díẹ̀ a máa jáde níbẹ̀, a sì gbẹ di èépá ní òwúrọ̀, kókó kékeré kan náà sì ti yọ létí rẹ̀. Láti ìgbà tí imú ti fà ni píìnì náà ti gùn jù fún mi, ó sì máa ń há mọ́ tówẹ́ẹ̀lì. Mo ti ra òrùka wúrà tí mo fẹ́ fi lọ sí Òjúde Ọba pẹ̀lú ẹgbẹ́ wa, Iléyá sì ku ọ̀sẹ̀ 3 péré. Ìyá mi ní ó ti yẹ kó jinná, wọ́n ní etí tiwọn kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n kàn fi sípíríìtì nu òrùka náà kí n sì yára pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́ mà, ṣé mo lè pààrọ̀ rẹ̀?”

Ọmọ mi, mo kí ọ. Mo ka ìwé rẹ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mú bíírò, nítorí pé ìbéèrè méjì ni mo rí níbi tí o rò pé ọ̀kan ṣoṣo ni o bi mí. Ọ̀kan ni bóyá o lè yọ píìnì náà kúrò kí o fi òrùka rọ́pò rẹ̀ nítorí ayẹyẹ tó ń bọ̀. Èkejì, tí o kàn fẹnu bà kọjá, ni pé píìnì náà ti gùn jù, ó sì ń há. Ìdáhùn mi sí ti àkọ́kọ́ ni pé kí o má ṣe é. Ìdáhùn mi sí èkejì ni pé ó yẹ kí á ṣe nǹkan sí i, kó má sì pẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ ara rẹ ni yóò ṣe é, kì í sì í ṣe òrùka ni a ó fi síbẹ̀. Mo fẹ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ dáadáa, nítorí mo mọ̀ pé “má ṣe é” lásán kì í dá ẹni tó ti ra òrùka sílé dúró.

Kí á kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ìyá rẹ, nítorí wọn kò parọ́, ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n sọ. Etí ni àwọn ìyá wa mọ̀ dunjú. Wọn a lu etí ọmọ obìnrin láti kékeré, wọn a ki òwú tàbí igi ìgbálẹ̀ kékeré bọ ojú rẹ̀ kí ó má baà dí, kí oṣù méjì sì tó pé, ọmọ ti ń lo yẹtí. Ìsàlẹ̀ etí tí wọ́n ń lu yẹn, ẹran rírọ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ ń dé ibẹ̀ dáadáa, kò sì sí eegun kankan nínú rẹ̀, ìdí nìyí tí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 fi máa ń tó o. Imú yàtọ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ imú tí wọ́n lu fún ọ, awọ kan wà níta, awọ mìíràn tí kì í gbẹ wà nínú, láàárín àwọn méjèèjì sì ni ẹran tó ki àti etí eegun rírọ̀ tó mú kí imú dúró. Eegun rírọ̀ kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Lára awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó bò ó ni ó ti ń rí oúnjẹ jẹ, díẹ̀díẹ̀ sì ni. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá ti dé tààrà, ọgbẹ́ ibẹ̀ a máa falẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, imú kì í sinmi: à ń sín, à ń fun ọ̀fìnkìn, à ń rẹ́rìn-ín, à ń nu òógùn kúrò lójú, a sì ń fi ọwọ́ kan imú wa lójúmọ́ ju bí a ti mọ̀ lọ. Gbogbo rẹ̀ papọ̀ ni ó mú kí imú tí a lu máa gba oṣù 4 sí 6 kí ó tó jinná, ti ẹlòmíràn sì ń tó ọdún kan. Ọ̀sẹ̀ 5 rẹ yìí, a kò tíì dé ìdajì ọ̀nà.

Ohun tó máa ń tan àwọn èèyàn jẹ ni pé ìrora kì í dúró de ọgbẹ́. Ìrora lè lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, ìwú lè fà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3 tàbí 4, ojú rẹ̀ níta a sì mọ́ roro bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ihò tín-ín-rín tó la ẹ̀gbẹ́ imú já, láti ẹnu rẹ̀ méjèèjì ni awọ tuntun ti ń rá wọlé, ọ̀kan láti òde, ọ̀kan láti inú, àárín ni wọn yóò sì ti pàdé kẹ́yìn. Ó dà bí iṣu tí a sun lórí iná: ẹ̀yìn rẹ̀ ti dúdú, ó ti ń ta sánsán, bí o bá sì fi ọ̀bẹ là á, àárín rẹ̀ ṣì tutù. Nígbà tí mo bá fẹ́ fi han ẹni tí kò gbà mí gbọ́, mo máa ń ní kí ó gbé orí sẹ́yìn, kí n tan tọ́ọ̀ṣì sí ihò imú rẹ̀, kí n sì gbé dígí kékeré sí i kí òun fúnra rẹ̀ lè wò ó. Níta, awọ rẹ̀ ń dán. Nínú, ìdí píìnì náà jókòó sínú àwo kékeré kan tó pọ́n bí ẹran tútù, omi sì yí i ká. Ọ̀pọ̀ ń dákẹ́ nígbà tí wọ́n bá rí i. Bí inú imú rẹ ṣe wà lónìí náà nìyẹn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fọwọ́ sọ̀yà, níwọ̀n bí omi ṣì ti ń jáde tí èépá sì ń yọ ní àárọ̀.

Wàyí o, ronú sí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí o bá fa píìnì yẹn yọ. Ìwọ fúnra rẹ sọ pé ó ní orí róbótó ní ìdí. Wọ́n ṣe orí yẹn láti dí píìnì náà mọ́ inú kí ó má baà já bọ́, èyí ni pé ó sanra ju ihò tí yóò gbà jáde lọ. Kí ó tó lè jáde, àfi kí ó fẹ ọ̀nà náà, awọ tuntun tí ara ti ń hun fún ọ̀sẹ̀ 5 kò sì tíì lè fẹ̀. Yíya ni yóò ya. Ẹ̀jẹ̀ yóò jáde, kì í pọ̀, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ ti padà di ọgbẹ́ ọjọ́ kìíní. Lẹ́yìn náà ni wàhálà kejì. Ihò tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í fún pọ̀ ní kété tí nǹkan kò bá sí nínú rẹ̀ mọ́. Mo ti rí èyí tí kò gba nǹkan kan mọ́ láàárín ìṣẹ́jú 10. Òrùka sì rèé, ó tẹ̀ kọdọrọ, ọ̀nà tó fẹ́ gbà sì tọ́ gbọọrọ. O ó máa wá ẹnu ọ̀nà inú, o kò ní rí i, omi á ti kún ojú rẹ, ọwọ́ rẹ á ti máa gbọ̀n, bí o bá sì tì í tipátipá, ẹnu òrùka yóò gún ọ̀nà mìíràn fúnra rẹ̀ nínú ẹran. Ihò méjì ni o ní nígbà náà, kò sì sí èyí tó dára nínú wọn.

Kì í ṣe ohun tí ẹnìkan sọ fún mi ni mo ń sọ. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lu imú lẹ́yìn iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mi ní Ṣàgámù, ìyàwó ojú ọ̀nà kan bẹ̀ mí kí n bá òun fi òrùka sí imú tí mo lu fún un ní ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú. Mo mọ̀ pé kò tíì tó, ṣùgbọ́n ìgbéyàwó ku ọjọ́ 2, ó sì ń sunkún. Mo gbà. Òrùka náà wọlé, ó lo ìgbéyàwó tán, nígbà tí yóò fi di ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀gbẹ́ imú rẹ̀ ti wú, kókó tó tó hóró àgbàdo ti yọ níbẹ̀, ó sì lé ní oṣù 4 kí ó tó lọ. A yọ òrùka náà níkẹyìn, ihò dí, àpá kékeré tó rì sínú sì wà níbẹ̀ títí dòní. Ó ti dárí jì mí, àwa méjèèjì ń kí ara wa dáadáa, ṣùgbọ́n mi ò gbàgbé. Láti ọjọ́ náà, bí ẹkún ti wù kó pọ̀ tó, mi ò fi òrùka sí imú tí kò tíì jinná mọ́.

Òrùka fúnra rẹ̀ ní ẹjọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Píìnì a máa dúró lójú kan. Òrùka a máa yí, bí o bá fọ ojú ó yí, bí o bá fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ sùn ó yí, ìgbàkígbà tó bá sì yí ni yóò fa èépá tó gbẹ sára rẹ̀ wọ inú ọ̀nà náà, èépá gbígbẹ sì mú ju bí èèyàn ti rò lọ. Òmíràn ni bí ó ti nípọn tó. Ohun tí a sábà fi ń lu imú jẹ́ mílímítà 0.8 tàbí 1.0, ọ̀pọ̀ òrùka tí wọ́n ń tà lọ́jà fún ẹwà kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n tín-ín-rín bí wáyà. O ti rí bí àwọn kan ṣe ń fi òwú gé ẹyin bíbọ̀ sí méjì rí. Irin tín-ín-rín tí ń fa ara tó rọ̀ síwá sẹ́yìn lójoojúmọ́ ń ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an, díẹ̀díẹ̀ ni ihò yóò máa sún sí etí imú. Ẹ̀kẹta ni ohun tí wọ́n fi ṣe é. O pè é ní wúrà, mi ò sì ní bá ọ jiyàn láìrí i, ṣùgbọ́n béèrè lọ́wọ́ ara rẹ bóyá wúrà gidi ni tàbí irin tí wọ́n fi wúrà kùn. Èyí tí wọ́n kùn yóò bó nínú omi ọgbẹ́, irin abẹ́ rẹ̀ yóò sì fara hàn, nickel, irin kan tí ara ọ̀pọ̀ obìnrin kì í gbà, sì sábà máa ń wà nínú irú irin bẹ́ẹ̀. Wúrà tó dára fún ọgbẹ́ ni èyí tó tó káráàtì 14 sókè tí kò sì ní nickel nínú. Wúrà funfun nílò ìṣọ́ra, nítorí nickel ni wọ́n fi ń sọ òmíràn nínú wọn di funfun. Fún imú tí kò tíì jinná, irin titanium irú èyí tí àwọn dókítà ń fi sínú ara èèyàn ni mo fẹ́ràn jù, kò lẹ́wà bíi wúrà lójú àwọn kan, ṣùgbọ́n ara kì í bá a jà.

Ọ̀rọ̀ sípíríìtì tí ọ̀rẹ́ rẹ sọ kò tọ́. Sípíríìtì lè pa ọ̀pọ̀ nínú kòkòrò tó wà lára òrùka, ṣùgbọ́n kò pa gbogbo rẹ̀, bí ó bá sì kan ojú ọgbẹ́, awọ tuntun tí ara ń hun ni yóò kọ́kọ́ jó. Èyí kan omi apakòkòrò líle tí a ń dà sínú omi ìwẹ̀, ó kan hydrogen peroxide, omi apakòkòrò tó máa ń hó lójú egbò, ó kan ọṣẹ tó ní òórùn dídùn. Òrí àti àdín ń kọ́? Mo fẹ́ràn wọn fún awọ tó gbẹ, ṣùgbọ́n wọ́n ń dí ẹnu ọgbẹ́ tó yẹ kí omi rẹ̀ máa rí ọ̀nà jáde, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ títí yóò fi jinná. Ohun tí imú rẹ nílò kò wọ́n: omi iyọ̀ ilé ìwòsàn tí iyọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdá 0.9 nínú 100, èyí tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára. Rà á ní ilé oògùn. Lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ, fi omi náà rin gọ́ọ̀sì tó mọ́, gbé e lé ojú rẹ̀ níta títí èépá yóò fi rọ̀, ṣe bẹ́ẹ̀ nínú imú náà, kí o sì rọra nù ún. Má fi òwú ṣe é, fọ́nrán òwú a máa wé mọ́ píìnì. Má sì yí píìnì náà kiri nítorí kí ó má baà lẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n sọ fún ọ pé kí o máa yí i, gbogbo wa ni wọ́n ti sọ ọ́ fún nígbà kan. Àṣìṣe ni, ó ń ya ọgbẹ́ lójoojúmọ́ ni.

Ìdí kan wà tí mo fi ń tẹnu mọ́ ìmọ́tótó ọwọ́. Nínú èèyàn mẹ́ta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹnìkan ní kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Staphylococcus aureus nínú imú láìṣàìsàn. Níbẹ̀ ló ń gbé, kò ṣe é ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ọgbẹ́ bá ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀, tí ìka sì gbé e lọ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Bí o bá ya ihò rẹ nítorí òrùka, ilẹ̀kùn ni o ṣí fún un.

Nípa omi tó ń jáde, fi ọkàn rẹ balẹ̀. Omi tó mọ́ tàbí tó funfun díẹ̀, tó ń gbẹ di èépá, omi ara ni, àmì pé ara ń ṣiṣẹ́ lórí ọgbẹ́. Ọyún yàtọ̀: ó ki, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tàbí kí ó ní àwọ̀ ewé, ó sì máa ń rùn. Bí ọyún bá dé, ibẹ̀ yóò gbóná, yóò máa sọ kìkì, ìwú rẹ̀ á sì máa tàn kálẹ̀ dípò kí ó fà. Ìwé àwọn òyìnbó á ní kí o wo bí ibẹ̀ bá pupa, ṣùgbọ́n lára awọ dúdú tiwa, pípupa kì í hàn dáadáa. Ohun tí o ó rí ni pé ibẹ̀ dúdú sí i tàbí kí ó dà bí àwọ̀ èsè àlùkò. Bí o bá rí ìwọ̀nyí, tàbí tí ibà mú ọ, tàbí tí ìwú gun òkè sí ọ̀nà ojú, dókítà ni kí o lọ bá ní ọjọ́ náà gan-an, má dúró de ìdáhùn mi. Kí o sì fi píìnì sílẹ̀ lójú rẹ̀ bí o ti ń lọ, nítorí òun ló ń jẹ́ kí ọyún rí ọ̀nà jáde. Bí o bá yọ ọ́, ẹnu ihò yóò pa dé, ọyún yóò sì há sínú.

Kókó tí o sọ ni ó jẹ́ kí n gbà pé píìnì rẹ ni ẹlẹ́bi. Irú kókó bẹ́ẹ̀ tó yọ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn lílù, tó kéré, tó dúró sí etí ihò láìtàn kálẹ̀, ìnira ló sábà ń fà á: píìnì tó gùn ń wọlé, ó ń jáde, ó ń há mọ́ tówẹ́ẹ̀lì, orí róbótó inú ń gún awọ, ara sì ń to ẹran lé ẹran níbẹ̀ láti gbèjà ara rẹ̀. Bí a bá mú ohun tó ń ni ín lára kúrò, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fà fúnra wọn. Ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ń ba gbogbo wa ni keloid, àpá tí ń dàgbà kọjá ojú ọgbẹ́, tí kì í sì í fà. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú ju àwọn ẹlòmíràn lọ, a sì máa rìn nínú ìdílé. Ṣùgbọ́n keloid kì í sábà tètè yọ báyìí, oṣù bíi mélòó kan ni ó máa ń gbà. Wo ara rẹ: ṣé àpá gbẹ́rẹ́, ti abẹ́rẹ́ àjẹsára tàbí ti yẹtí rẹ wú gọngọ? Ṣé ìyá rẹ tàbí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ ní i? Bí bẹ́ẹ̀ ni, ó pọndandan pé kí o má tún ọgbẹ́ yìí ṣí rárá, nítorí gbogbo yíya jẹ́ ìpè fún un. Bí kókó náà bá sì ń tóbi sí i lẹ́yìn tí a ti ṣàtúnṣe píìnì, ó ti kọjá agbára mi, dókítà awọ ara ló ni í. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ́ gé e fún ọ ní ṣọ́ọ̀bù. Keloid tí wọ́n gé lásán sábà máa ń padà wá, tí yóò sì tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nítorí náà, kí ni kí á ṣe sí píìnì tó gùn? Níhìn-ín ni mo ti yàtọ̀ sí àwọn tó ń sọ pé a kò gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ohunkóhun kí oṣù 6 tó pé. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi píìnì gígùn sí i ní ọjọ́ kìíní kí imú lè rí àyè wú. Nígbà tí ìwú bá ti fà, tí ó sábà máa ń jẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 8, gígùn yẹn ti di ìnira, fífi í sílẹ̀ náà sì ní ewu tirẹ̀, bí kókó rẹ ti fi hàn. Ó tọ́ kí a fi èyí tó kúrú rọ́pò rẹ̀, tí ìdí rẹ̀ pẹlẹbẹ bí owó wẹ́wẹ́, kì í ṣe róbótó, kí ó lè sùn ti awọ inú. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ni yóò ṣe é. Ó lè gé orí róbótó yẹn kúrò nínú kí ó má baà gba inú ọgbẹ́ kọjá, kí ó sì jẹ́ kí tuntun tẹ̀lé ògbólógbòó wọlé láìjẹ́ kí ihò ṣófo fún ìṣẹ́jú kan. Wo ọwọ́ rẹ̀ kí o tó jókòó: ṣé ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tuntun? Ṣé inú ọ̀rá tí a kò tíì já ni ohun èlò rẹ̀ ti jáde? Ṣé ó ní ìkòkò tí ń fi ooru omi pa kòkòrò, irú èyí tí ooru rẹ̀ ń dé 121°C? Bí ó bá jẹ́ ìbọn tí wọ́n fi ń lu etí ni ó gbé sílẹ̀ lórí tábìlì, dìde kí o sì máa lọ, nítorí ìbọn oníke yẹn kò ṣe é sè, ẹ̀jẹ̀ ẹni tó jókòó ṣáájú rẹ lè wà lára rẹ̀, àrùn ẹ̀dọ̀ oríṣi B sì lè wà láàyè nínú ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ fún ó kéré tán ọjọ́ 7. Bí o kò bá rí ẹni tó tó bẹ́ẹ̀ nítòsí, ó sàn kí o fara da èyí tó gùn títí o ó fi rí i, kí o máa lo gọ́ọ̀sì nu ojú dípò tówẹ́ẹ̀lì, ju pé kí o fi í lé ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun kan ṣoṣo ni kì í dúró: bí imú bá wú tó bẹ́ẹ̀ tí orí píìnì bẹ̀rẹ̀ sí í rì sínú awọ, ọjọ́ náà ni kí o wá ìtọ́jú.

Mo mọ ohun tí Òjúde Ọba jẹ́ fún ọmọ Ìjẹ̀bú. Rẹgbẹ́rẹgbẹ́ yín ti yan aṣọ, ẹ ti rán an, ẹ ó tò lọ síwájú ààfin Awùjalẹ̀ lọ́jọ́ kẹta Iléyá, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kí àwòrán ọjọ́ náà kù díẹ̀ káàtó. Òrùka tí kò nílò lílù wà, tí a kàn ń fi há etí imú. Fi í sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún fún wákàtí tí ẹ ó fi jáde, kí o yọ ọ́ bí o bá délé, kí o sì fi ẹ̀gbẹ́ òsì sílẹ̀ pátápátá. Bùbá ni kí o ṣọ́ra fún jù. Mi ò lè ka iye àwọn tó wá bá mi lẹ́yìn ayẹyẹ nítorí pé ọrùn bùbá léèsì ló gbé píìnì wọn bí wọ́n ti ń bọ́ ọ lórí. Fi ọwọ́ bo imú rẹ nígbà tí o bá ń wọ̀ ọ́ àti nígbà tí o bá ń bọ́ ọ. Sọ fún ẹni tó ń kun ojú fún ọ pé kí pọ́dà má dé ibẹ̀. Èéfín ẹ̀tù àwọn ẹlẹ́ṣin àti eruku pápá yóò wọ ibẹ̀ dandan, nítorí náà fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà kí o tó sùn, bí ó ti wù kí ó rẹ̀ ọ́ tó.

Bí píìnì bá ṣèèṣì já bọ́, fọ ọwọ́ rẹ, fi omi iyọ̀ fọ píìnì náà, kí o sì rọra dá a padà lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá wọlé wẹ́rẹ́, má tì í. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lè fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ la ọ̀nà náà bí o bá tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ó bá sì ti dí, jẹ́ kí ó dí, dúró ó kéré tán oṣù 3 kí àpá rẹ̀ rọ̀ kí o tó tún un lu. Ìgbà tí òrùka rẹ yóò tó lò, ìwọ náà yóò mọ̀: kò ní sí omi, kò ní sí èépá, kò ní sí ìrora bí o bá fọwọ́ kàn án, awọ ẹnu rẹ̀ níta àti nínú á ti tẹ́jú, yóò sì wà bẹ́ẹ̀ fún bí oṣù kan gbáko. Bí o bá ti ya á rí, ọjọ́ tí ó ya ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù jíjinná rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n lu ú.

Gbogbo ohun tí mo sọ yìí, láìrí imú rẹ ni mo fi sọ ọ́, ojú sì ju ìwé lọ. Ìjẹ̀bú-Òde sí Ṣàgámù kò jìnnà. Bí o bá lè wá ní ọ̀sẹ̀ yìí, wá ní ọ̀sán kí a lè rí ìmọ́lẹ̀, má fi nǹkan kan pa imú náà lọ́jọ́ tí o bá ń bọ̀, kí o sì mú òrùka náà dání kí n bá ọ wọn bí ó ti nípọn tó, kí o lè mọ̀ bóyá èyí tí ó yẹ kí o tọ́jú ni tàbí èyí tí ó yẹ kí o dá padà fún ẹni tó tà á nígbà tí kò tíì pẹ́ jù.